Bí A Ṣe Gbé Ògúnbánjọ Lọ sí Ẹ̀pẹ́ Kí Ó Lè Jẹun

Ẹ̀yin ará ilé mi ní Ìkòròdú, ẹ ti bi mí ní ìbéèrè tó. Mo lọ sódò, ẹ bi mí. Mo lọ kí ẹni tó bímọ, dípò kí ẹ jẹ́ kí n wo ojú ọmọ, ẹ tún bi mí. Ṣé lóòótọ́ ni àwọn ará Èkó tó tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́ ń jí ènìyàn gbé? Ṣé ẹja nìkan ni wọ́n ń jẹ? Kí ni obìnrin náà ṣe fún àbúrò mi gan-an? Ó dáa. N óò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, n óò sì sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹni tó bá fẹ́ já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi, kó lọ rin ìrìn-àjò tirẹ̀.

Ohun tó lé wa kúrò nílé

Ẹ mọ Ògúnbánjọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, á ti wọ ọkọ̀ tó gbẹ́ rí. Ọmọ ìyá mi ni, àbúrò mi kan ṣoṣo. Ẹ̀yìn mi ló gbé dàgbà, nítorí ìyá wa kò pẹ́ láyé. Nígbà tí àìsàn yìí bẹ̀rẹ̀, àáké ló kọ́kọ́ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A ní ó ti rẹ̀ ẹ́, kó sinmi. Ó sinmi, ọwọ́ náà tún ń rù sí i. Ẹran apá rẹ̀ á máa jó lábẹ́ awọ nígbà tí òun fúnra rẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ni ahọ́n rẹ̀ wúwo. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá ń dún bí ọ̀rọ̀ ẹni tó mu ẹmu yó, bẹ́ẹ̀ orí rẹ̀ pé, ó mọ gbogbo wa, ó sì ń dá àpárá. Nígbẹ̀yìn, oúnjẹ di ọ̀tá rẹ̀.

Èyí ló dùn mí jù. Bó bá mu omi, omi á ta á lórí, á gba ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ. Ikọ́ á gbé e, ojú rẹ̀ á pọ́n, omi á máa jáde nímú rẹ̀. Bí a bá fún un ní iyán, á wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ títí a ó fi fi ìka kó o jáde. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹnu dé. Ṣadé, ìyàwó rẹ̀, á gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á wò ó, á yíjú kúrò. Iṣu wà lábà, àgbàdo wà lókè àjà, baálé ilé sì ń kú lọ fún ebi láàárín wọn. Àwọn kan nínú yín ní ayé ló ń ṣe é. Àwọn kan ní ó ti pinnu láti kú ni. Mo bá yín jà, ẹ rántí, n kò sì tíì tọrọ àforíjì.

Kí la wá ṣe? Ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe fún ọmọ tí kò jẹun ni. A rọ ọ́. Mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi, mo yí ojú rẹ̀ sókè, mo fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe igbá sí ẹnu rẹ̀, mo sì ń da ẹ̀kọ sí i. Ọwọ́ mi yìí ti rọ ọmọ tó pọ̀ ládùúgbò wa, wọ́n sì sanra. Ojoojúmọ́ la ń bu omi la ẹ̀kọ náà sí i, a ní bó bá ti ṣàn, á rọrùn láti gbé mì. Omi kò lọ́tá. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń rọ ọ́ tó náà ló ń húkọ́ tó, ibà kò sì fi í sílẹ̀.

Ṣóyẹmí tó ń fi ọkọ̀ kó ẹja wá láti Ẹ̀pẹ́ ló dá a lábàá. Àbúrò mi ló gbẹ́ ọkọ̀ tó ń tù. Ṣóyẹmí ní egungun ẹja há òun lọ́fun nígbà kan, obìnrin kan ní Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n ń pè ní Ìyá Rábì ló bá òun yọ ọ́, kò sì sí ohun tó ń ṣe ọ̀fun ènìyàn tí obìnrin náà kò mọ̀. Ó ní òun á gbé wa lọ. Mo wo Ògúnbánjọ. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ní wọ́n á kó wa lẹ́rú lọ́nà. Mo ní ta ló fẹ́ ra arúgbó obìnrin àti ọkùnrin tí kò lè gbé àáké? A lọ.

Ìjẹ̀dé

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ orúkọ Ìjẹ̀dé, n kò débẹ̀ rí. Ẹ wo bí ènìyàn ṣe ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ láìmọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Ibẹ̀ la ti sọ̀ kalẹ̀ kí Ṣóyẹmí lè sinmi apá. Bí mo ṣe ń wá ibi tí n óò tẹ́ ẹní sí fún àbúrò mi lábẹ́ igi, àwọn apẹja ti yí ọkọ̀ wa ká. Ọkàn mi kọ́kọ́ já. Àṣé ọkọ̀ ni wọ́n ń wò.

Bàbá arúgbó kan fi ọwọ́ pa ìhà ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó ní, "Ta ló gbẹ́ eléyìí?"

Mo na ọwọ́ sí ọkùnrin tó rù tó wà lórí ẹní. Bàbá náà wá síbẹ̀, ó lóṣòó tì í. Kò bi í pé kí ló ń ṣe é. Orúkọ rẹ̀ ló bi í. Kí Ògúnbánjọ tó la ẹnu, mo ti dáhùn. Bàbá béèrè irú igi tó fi gbẹ́ ẹ, mo tún dáhùn. Mo ti sọ ọ́ di iṣẹ́ mi láti máa sọ̀rọ̀ fún un, nítorí èmi nìkan ló kù tó ń gbọ́ ohun tó ń sọ dáadáa. Bàbá wò mí, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fi wá sílẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ kan gbé ẹja sísun àti fùfú wá fún wa láìjẹ́ pé a bẹ̀ ẹ́. Fùfú Ìjẹ̀dé funfun, kò rùn bíi tiwa. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Èmi àti Ṣóyẹmí jẹ ẹ́ tán. Ògúnbánjọ ń wo ọwọ́ wa bó ṣe ń lọ sẹ́nu tó ń bọ̀. Mo yí ẹ̀yìn sí i kí n lè gbé òkèlè tó kẹ́yìn mì. Ẹ má bi mí bó ṣe rí lára mi.

Èbúté Ẹ̀pẹ́

Òórùn Ẹ̀pẹ́ ló kọ́kọ́ kí wa káàbọ̀. Ẹja tútù, ẹja gbígbẹ, ẹja tí wọ́n ká bí òrùka sórí iná, ẹja tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. Ariwo gidi wà níbẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń pe ọjà wa ní ariwo. Àwọn ará ibẹ̀ gan-an ń sọ èdè tó sún mọ́ tiwa, ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá rí àwọn ará Èkó, àwọn tó bá ọba tí wọ́n lé jáde sá wá. Wọ́n wé láwàní, aṣọ wọn gùn dé ilẹ̀, wọ́n ń fi ahọ́n Èkó sọ̀rọ̀ wàràwàrà. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Mo di apá àbúrò mi mú.

Ọkùnrin kan yọ nínú wọn, ó sígbọnlẹ̀, àpá idà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó wọ inú omi dé orúnkún, ó tọ ọkọ̀ wa wá, kò sọ̀rọ̀, ó kàn na ọwọ́ sí Ògúnbánjọ. Mo gbé àjẹ̀ tí Ṣóyẹmí fi ń tukọ̀. Mo ní bó bá fọwọ́ kàn án, n óò la orí rẹ̀.

Ó dúró. Ó ní, "Ìyá, ẹ fi ọkàn balẹ̀. Mo fẹ́ pọ̀n ọ́n kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kan omi ni. Wọ́n ti lé èmi náà kúrò nílé rí, mo mọ bí àlejò ṣe ń rí."

Ojú tì mí, mo gbé àjẹ̀ sílẹ̀. Ó pọn àbúrò mi láti èbúté dé iwájú ilé Ìyá Rábì, ó ń kí àwọn ènìyàn lọ lójú ọ̀nà bí ẹni pé kò gbé nǹkan kan. Àwọn obìnrin ń rẹ́rìn-ín ohùn mi, wọ́n ní ará oko iṣu dé. Mo dá wọn lóhùn pé ará oko iṣu ló ń bọ́ wọn. Nígbà tí mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, wọ́n ti ń pe ìrun, ó ti lọ ṣe àlùwàlá. N kò mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Bí ẹ bá dé Ẹ̀pẹ́ tí ẹ rí alápàá lẹ́rẹ̀kẹ́, ẹ bá mi kí i.

Omi àlejò

Ẹgbẹ́ mi ni Ìyá Rábì. Mo ti rò pé n óò bá arúgbó jẹ́ẹ́jẹ́ kan. Obìnrin tó tóbi ni, ohùn rẹ̀ ń dé ọ̀nà jíjìn, ó sì fẹ́ràn láti máa sọ iye ọ̀fun tí òun ti tún ṣe nílùú yẹn. Ó gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe nílé wa náà, omi ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Rábì, kúnlẹ̀, ó gbé ahá omi fún mi, mo mu. Ó gbé òmíràn síwájú àbúrò mi.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí omi àlejò jẹ́. Ẹni tí kò bá mu ún, ó ń sọ fún onílé pé òun kò fọkàn tán an ni. Ògúnbánjọ wo omi náà. Ọmọ tí mo tọ́ ni, kò lè dójú ti onílé. Rábì gbé ahá náà sí i lẹ́nu, ó mu ún.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó wú ikọ́ títí ètè rẹ̀ fi dúdú. Mo fò dìde, mo gbá orí rẹ̀ mú, mo gbé e sókè, mo ń fẹ́ atẹ́gùn sí àtàrí rẹ̀ bí a ti máa ń ṣe. Ìyá Rábì gbá ọwọ́ mi dànù. Ó tẹ orí àbúrò mi síwájú, ó dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn, omi ń ro sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ fi ń lu ọwọ́ mi?"

Ó ní, "Nítorí ẹ̀ ń ṣí ìlẹ̀kùn fún olè."

Mo ní ṣé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ sí àlejò nílé àwọn nìyẹn. Ó ní èmi ni mo gbé àlejò wá, kí n jókòó. Mo jókòó, ṣùgbọ́n inú ń bí mi gan-an, bí kì í bá ṣe pé Ṣóyẹmí ti padà sídìí ọkọ̀ ni, ǹ bá ti gbé àbúrò mi jáde.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní kí wọ́n fún mi ní ẹ̀kọ. Wọ́n fún mi. Mo bu omi là á dáadáa, mo gbé orí Ògúnbánjọ lé itan, mo ń rọ ọ́. Ìyá Rábì ń bọ̀ láti ibi ìrun, ó bá mi níbẹ̀. Mo rò pé á tún pariwo. Kò pariwo rárá. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé ẹ̀kọ náà kúrò lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́.

Ó ní, "Bí èmi náà ṣe rọ bàbá Rábì nìyẹn."

Ọkọ rẹ̀ ti ṣe àìsàn yìí gan-an. Láti ọwọ́, ó dé ahọ́n, ó dé ọ̀fun. Ó ní òun yí ojú rẹ̀ sókè, òun ń da omi sí i lẹ́nu, omi náà kò dé ikùn, àyà ni ó ń lọ. Ibà ni ó gbé e lọ. Ó ní láti ìgbà náà ni òun ti ń wo ọ̀fun ènìyàn tó bá ń jẹun, ọmọdé, àgbà, aláìsàn, ẹni tó ní ìlera, títí òun fi mọ ohun tí ojú kọ́kọ́ ń rí àti ohun tí ọwọ́ ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo gbé orí àbúrò mi kúrò lórí itan mi, mo gbé e jókòó.

Ọwọ́ Ìyá Rábì

Ẹ fetí sí ibi yìí dáadáa, torí pé bó bá ṣe ẹnì kan nínú ilé yín, ohun tí ẹ óò nílò nìyí.

Ó gbé àpótí ìjókòó méjì kojú ara wọn níta, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti tó, ó jókòó kojú Ògúnbánjọ. Ó ní kó ya ẹnu. Ahọ́n rẹ̀ ń jó níbi tó wà, bí ẹni pé kòkòrò ń rìn lábẹ́ rẹ̀. Mo ti ń bọ́ ẹnu yẹn láti ọjọ́ pípẹ́, n kò wò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní kó yọ ahọ́n síta, kó tì í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, kó tì í sí ti òsì. Ó ní kó húkọ́ kí òun gbọ́ bó ṣe le tó.

Lẹ́yìn náà ó bi í pé, "Kí ló ń dẹ́rù bà ọ́ jù nínú oúnjẹ?"

Mo ní, "Omi ni."

Kò wò mí. Ó ní, "Òun ni mo bi."

Ọ̀rọ̀ pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu àbúrò mi. Ìyá Rábì dúró dè é, ó tẹ́ etí sílẹ̀, ó ní kó tún un sọ, ó sì tún un sọ. Omi náà ló sọ, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé iyán náà, àti pé àṣálẹ́ burú ju òwúrọ̀ lọ. N kò mọ ti àṣálẹ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó bi í rí nílé wa.

Ó wá gbé ìka lé gògóńgò rẹ̀. Ó fi ìkarahun kékeré bu omi díẹ̀, kò tó ohun tí ẹyẹ lè mu. Ó ní kó gbé e mì. Lẹ́yìn rẹ̀ ó ní kó pe orúkọ mi. Ohùn rẹ̀ ń hó nínú ọ̀fun. Ikọ́ tẹ̀ lé e. Ó ní kó sinmi. Ó tún ní kó wo àyà ara rẹ̀, kó tẹ àgbọ̀n sílẹ̀ kó tó gbé omi mì. Ikọ́ náà dín kù, ṣùgbọ́n ohùn ṣì ń hó.

Ó ní kí Rábì gbé ẹ̀kọ tí wọn kò bu omi là wá, èyí tó ki, tó dúró lórí ìkarahun tí kò ṣàn. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo rò pé bí omi bá lè ṣe é báyìí, èyí á pa á. Ìyá Rábì gbá ọwọ́ mi mú, ó gbé ìka mi náà lé gògóńgò àbúrò mi. Ó ní, "Ẹ máa gbọ́."

Àbúrò mi tẹ àgbọ̀n sílẹ̀. Ó gbé e mì. Mo gbọ́ ọ lábẹ́ ìka mi, gògóńgò náà gbéra díẹ̀díẹ̀, ó ga, ó sì padà bọ̀. Ìyá Rábì ní kó tún gbé ẹnu òfìfo mì lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ìyókù lè tẹ̀ lé e. Ó gbé e mì. Ó ní kó pe orúkọ mi. Ó pè é, ohùn rẹ̀ mọ́. Kò húkọ́. A dúró, kò húkọ́. Ó fún un ní òmíràn, òun náà lọ. Mo bú sẹ́kún níwájú ilé onílé.

Obìnrin náà ní, "Ọ̀fun tó ti ń rọ, ó lọ́ra. Ìgbà tó bá fi máa pa ọ̀nà àyà dé, omi ti sáré wọlé. Èyí tó ki kì í sáré, ó ń dúró de onílé." Ó ní kí a má bẹ̀rù ikọ́ jù, ikọ́ ni ajá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ tí ohùn bá ń hó tí kò sì húkọ́ mọ́ ni kí a bẹ̀rù.

Ohun tí àbúrò mi sọ

Mo ní, "Ẹ ṣeun. Ìgbà wo ni á wá yá?"

Ìyá Rábì rẹ ohùn ńlá rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun kò lè wo àìsàn náà. Ó ní ẹni tó bá sọ pé òun lè wò ó, kí n má fún un ní nǹkan kan, irọ́ ló ń pa. Ohun tí òun mọ̀ kò ju pé kó jẹun, kí oúnjẹ má sì fún un lọ́rùn. Ó ní ọjọ́ kan lè dé tí èyí tó ki náà kò ní lọ mọ́. Bó bá dé, kí a máa fi omi ra ètè rẹ̀, kí a má fipá fún un ní nǹkan kan.

Inú bí mi. Mo ní ṣé ìyẹn ni mo tìtorí rẹ̀ gbé e la ọ̀sà kọjá. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí n kò ní tún sọ níhìn-ín. Ògúnbánjọ fi ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ tó ti rù kàn mí lẹ́sẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀."

Mo dákẹ́. Ó pẹ́ gan-an kó tó sọ ọ́ tán, ó ń sinmi láàárín, mo sì ń kó ara mi níjàánu kí n má bá a parí ọ̀rọ̀. Ó ní òun kò kọ oúnjẹ rí. Ebi ń pa òun tọ̀sán tòru. Òun ń lá àlá iyán. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbé òun sórí itan, níwájú àwọn ọmọ òun àti ìyàwó òun, tí ẹ̀kọ ń ya wọ òun nímú, ó máa ń ṣe òun bí ẹni tó ń rì sínú odò, ojú sì ń ti òun. Ó ní pípa ẹnu dé ló kù tí òun lè fi sọ pé ó tó.

Ó ní, "Ẹ má rọ mí mọ́. Ẹ jẹ́ kí n jókòó jẹun. Èyí tó bá lọ, ẹ jẹ́ kó lọ. Èyí tí kò bá lọ, ẹ jẹ́ kó wà."

Mo ní, "Mo gbọ́." Ìyá Rábì dìde, ó lọ fọ ìkarahun.

Oúnjẹ ilé onílé

A pẹ́ ní Ẹ̀pẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ, torí pé obìnrin náà ní kí n kọ́ ọ títí ọwọ́ mi fi máa mọ̀ ọ́n. Ó ń fún àbúrò mi ní díẹ̀ ní òwúrọ̀, díẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ga, kò jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, á ní "Bísímílà," àbúrò mi tí kò kírun rí láyé rẹ̀ náà á gbìyànjú láti sọ ọ́, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín bó ṣe ń dún. Nígbà tó yá, ó ní àbúrò mi ti di ìmàle ẹnu oúnjẹ.

Ikọ́kọrẹ́ ló fa ìjà wa tó kù. Ẹ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń se ikọ́kọrẹ́. Tiwọn kún fún ẹja, ewùrà díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní oko iṣu ti pọ̀ lójú mi. A jọ wọ ilé ìdáná, èmi se tèmi, òun se tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ẹ̀yìn ìgbakọ tẹ méjèèjì títí tí kò fi sí kókó kankan, ó ṣa egungun ẹja kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi epo sí i kó lè yọ̀. Ó gbé méjèèjì síwájú Ògúnbánjọ, ó ní kó dájọ́.

Ó tọ́ tèmi wò, ó tọ́ ti Ìyá Rábì wò, ó tẹ àgbọ̀n sílẹ̀, ó gbé e mì. Ó wo ojú mi, ó wo ti obìnrin náà. Ó ní òun kò tíì lè mọ èyí tó dùn jù, kí a tún bù sí i. Bó ṣe jẹ àwo méjèèjì tán nìyẹn. Láti ìgbà tí àáké ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, n kò rí i kó jẹun tó bẹ́ẹ̀.

Mo ti ráhùn nípa Ẹ̀pẹ́ tó báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó yẹ. Wọ́n rí wa ní àlejò, wọn kò jẹ́ kí a rí ara wa bẹ́ẹ̀ pẹ́. Bí mo bá kọjá, wọ́n á kí mi kí n tó kí wọn. Ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe sàárà nílé kan tí n kò mọ̀, wọ́n gbé tèmi wá, wọ́n sì gbé ti àbúrò mi lọ́tọ̀, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ kó kúnná. Ta ló sọ fún wọn? Gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé ọkùnrin kan ń bẹ nílé Ìyá Rábì tí oúnjẹ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ki. Ẹni tó mọ inú rò, á mọ ọpẹ́ dá. Ọjọ́ tí a ń lọ, Ìyá Rábì kò pè mí ní ẹ mọ́. Ó ní, "Ìwọ obìnrin oníjà yìí, má jẹ́ kí n gbọ́ pé o tún yí ojú rẹ̀ sókè." Mo ní kó lọ fi ẹnu rẹ̀ sinmi. A dì mọ́ra, a sunkún bí ọmọdé.

Ilé

Àjò kì í dùn kí onílé má rele. Nígbà tí a gúnlẹ̀, ẹ pé jọ sí èbúté, ẹ ní ara rẹ̀ ti mókun díẹ̀. Ẹ gbé omi wá fún un. Mo gba omi náà lọ́wọ́ yín, mo dà á nù, ẹ ní Ẹ̀pẹ́ ti bà mí jẹ́. Ẹ máa wí. Mo mú ọwọ́ Ṣadé, mo gbé ìka rẹ̀ lé gògóńgò ọkọ rẹ̀, mo ní, "Máa gbọ́." Ọjọ́ yẹn ni ìyàwó náà rẹ́rìn-ín.

Bó ṣe ń jẹun lọ nìyẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kọṣẹ́, mo mọ̀ pé àìsàn náà kò lọ. Ṣùgbọ́n ibà kò dédé gbé e mọ́. Ó jókòó láàárín agbo ilé rẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́ títí iṣu tuntun fi jáde, ó ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ ṣeré, ó ń fi ojú tọ́ àwọn tó ń gbẹ́ ọkọ̀ sọ́nà, bí wọ́n bá ṣì í gbẹ́, á bú wọn. Wọ́n ti kọ́ láti dúró gbọ́ ọ. Ọjọ́ tí Ìyá Rábì ń bẹ̀rù, ọjọ́ tí èyí tó ki pàápàá kò ní lọ, kò dé bá a. Èémí ló kọ́kọ́ rẹ̀ ẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó sùn, kò jí.

Ẹ wá kí mi, ẹ ní ó mà ṣe o, ẹ ní gbogbo ìrìn-àjò náà já sí asán. Mo dákẹ́ lọ́jọ́ náà nítorí ọ̀fọ̀. N kò ní dákẹ́ lónìí. Èmi ni mo wà níbẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó lọ. Ó jókòó, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ṣadé fi iṣu tuntun se ikọ́kọrẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ kúnná, ó ń fi ìkarahun fún un díẹ̀díẹ̀. Ó jẹ ẹ́, ó jẹ ẹ́, kò húkọ́. Ṣadé bi í pé kí òun tún bù sí i. Àbúrò mi mi orí. Ó ní, gbogbo wa tó wà níbẹ̀ sì gbọ́ ọ, kì í ṣe èmi nìkan, ó ní, "Rárá. Mo yó."